Ọjọ́ Kẹẹ̀ẹ́dógún Oṣù Ṣẹ́rẹ́: Ta Ni À Ń Rántí?

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò lónìí jẹ mọ́ ọjọ́ kan tí ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń gbọ́ orúkọ rẹ̀ lórí rédíò lọ́dọọdún, ṣùgbọ́n tí a kì í sábà jókòó bi ara wa léèrè ohun tí ó dúró fún. Ọjọ́ náà ni ọjọ́ 15 oṣù Ṣẹ́rẹ́, oṣù kìn-ín-ní ọdún, tí í ṣe ọjọ́ ìrántí àwọn ọmọ ogun tí wọ́n ṣubú, ní orílẹ̀-èdè Nàìjíríà.

Bí ètò ọjọ́ náà ṣe máa ń lọ kò ṣòro láti ṣàpèjúwe. Ṣáájú ọjọ́ náà ni wọ́n ti máa ń fi àmì òdòdó pupa kékeré kan lọ́lẹ̀, tí ààrẹ orílẹ̀-èdè àti àwọn gómìnà yóò lẹ̀ mọ́ àyà aṣọ wọn, tí wọn yóò sì dá owó fún àwọn ológun tó ti fẹ̀yìn tì àti àwọn opó ológun. Nígbà tí ọjọ́ bá pé, wọn yóò péjọ sí Abuja níbi ìrántí ọmọ ogun tí a kò mọ orúkọ rẹ̀. Bákan náà ni wọn yóò ṣe ní olú-ìlú ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Wọn yóò fun fèrè, gbogbo ènìyàn yóò dákẹ́ jẹ́ẹ́, wọn yóò gbé òdòdó tí a hun ní róbótó síbi ìrántí, wọn yóò yìnbọn, wọn yóò sì tú ẹyẹlé funfun sílẹ̀. Kì í ṣe ọjọ́ ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́. Ọlọ́jà ń tajà, awakọ̀ ń wakọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ wà ní kíláàsì. Bóyá ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi gbà pé ọ̀rọ̀ àwọn ológun àti ìjọba nìkan ni.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí òdòdó pupa yẹn, nítorí kì í ṣe òdòdó ilẹ̀ wa. Ó ń hù ní pápá ilẹ̀ Faransé àti ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, níbi tí àwọn ọmọ ogun Yúróòpù ti pa ara wọn lọ bẹẹrẹ láàárín ọdún 1914 sí 1918. Ní agogo mọ́kànlá òwúrọ̀ ọjọ́ 11 oṣù Bélú ọdún 1918, ìbọn dákẹ́. Nígbà tí ó di ọdún 1919, Ọba George Karùn-ún ní kí gbogbo ilẹ̀ tó wà lábẹ́ òun dákẹ́ fún ìṣẹ́jú méjì ní wákàtí náà. Láti ọdún 1921 ni wọ́n sì ti ń ta òdòdó pupa àfọwọ́ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti fi ran àwọn tí ogun sọ di aláàbọ̀ ara lọ́wọ́. Èkó, Abẹ́òkúta, Ìbàdàn àti Kánò wà lábẹ́ ọba kan náà nígbà yẹn. Báyìí ni ọjọ́ 11 oṣù Bélú ṣe di ọjọ́ ìrántí lọ́dọ̀ wa pẹ̀lú, tí ó sì rí bẹ́ẹ̀ fún ohun tó lé ní àádọ́ta ọdún.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ nídìí èdè. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ pé ohùn ni ó ya ogun, Ògún, ogún àti òógùn sọ́tọ̀ síra wọn: ogun tí a ń jà, Ògún òrìṣà onírin, ogún tí baba fi sílẹ̀, òógùn tí ń jáde lára. (Ẹni tó ń kọ Yorùbá láìfi àmì ohùn sí i, tí ó wá kọ gbólóhùn tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà nínú rẹ̀, Ọlọ́run nìkan ni yóò túmọ̀ rẹ̀.) Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ pe àkíyèsí yín sí ni pé Yorùbá ní orúkọ púpọ̀ fún ẹni tí ń jagun: jagunjagun, ológun, ẹ̀ṣọ́, ọmọ ogun. Sójà ní tirẹ̀ kò pẹ́ lẹ́nu wa. Ó bá ìjọba Òyìnbó dé ni, ó sì mú bàrékè, kọ́púrù àti sájẹ́ǹtì dání wá. Jagunjagun ní ìdílé, ó ní oríkì, tirẹ̀ ni ìkógun tí ó bá mú bọ̀. Sójà ni ẹni tí a gbà síṣẹ́, tí a fún ní nọ́ńbà, tí a ń san owó oṣù fún. Nígbà tí jagunjagun bá kú, a ti mọ ẹni tí yóò sunkún rẹ̀. Nígbà tí sójà bá kú, ọ́fíìsì kan ni yóò kọ́kọ́ gbọ́.

Ní ayé ogun ilẹ̀ Yorùbá, kì í ṣe ọjọ́ kan ṣoṣo ni a fi ń kó gbogbo òkú ogun jọ pọ̀. Ìdílé kọ̀ọ̀kan ni ó ni òkú rẹ̀. Bí ẹnìkan bá kú sójú ogun tí ó jìnnà, tí kò ṣeé ṣe láti gbé e wálé, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ a gé nínú irun orí rẹ̀ àti èékánná rẹ̀, wọn a gbé e lọ fún àwọn ènìyàn rẹ̀. Ohun kékeré yìí ni wọn a sin gẹ́gẹ́ bí ẹni sin odindi ènìyàn, pẹ̀lú ẹkún, pẹ̀lú ìlù, pẹ̀lú gbogbo ètò ìsìnkú. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹni náà ti wọ ẹgbẹ́ àwọn ará ọ̀run tí ń bọ̀ wá bẹ ilé wò ní ọjọ́ egúngún, a ó sì máa fi oríkì rẹ̀ kì í níwájú àwọn ọmọ rẹ̀. Ẹ fetí sí oríkì àwọn ọmọ Oníkòyí nígbàkúùgbà tí ẹ bá rí ẹni tí yóò kì í fún yín dáadáa: níbẹ̀, àpá tó wà níwájú ara ni iyì, àpá ẹ̀yìn ni ẹ̀tẹ́.

Àwọn aṣáájú ogun ní òfin tiwọn. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn àwọn Yorùbá rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní 1921, ṣàlàyé pé bí Aláàfin bá rán Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò lógun, dandan ni kí ó ṣẹ́gun láàárín oṣù mẹ́ta, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òkú rẹ̀ ni a ó gbé wálé. Ikú yá ju ẹ̀sín. Kúrunmí, Ààrẹ tí ó wà ní Ìjàyè, kú ní 1861 nígbà tí ogun Ìbàdàn ti fún ìlú náà lọ́rùn, lẹ́yìn tí ikú ti pa nínú àwọn ọmọ rẹ̀ níṣojú rẹ̀. Ní 1862 ni Ìjàyè tú. Ààrẹ Látòósà ti Ìbàdàn pẹ̀lú kú sí ibùdó ogun Kírìjì ní 1885, kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn àlàáfíà ní ọjọ́ 23 oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀ ọdún 1886.

Ṣùgbọ́n kí a má parọ́ fún ara wa. Orúkọ Látòósà, Ògèdèǹgbé àti Fábùnmi ni a mọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n tẹ̀lé wọn lọ sójú ogun jẹ́ ẹrú tàbí ọmọ ẹrú, tí ogun mìíràn ti kó wá láti ìlú tí ó ti tú. Ta ni yóò gé irun irú ẹni bẹ́ẹ̀, ilé wo ni yóò sì gbé e lọ? Bàbá rẹ̀ wà ní ìlú tí kò sí mọ́. Nítorí náà, nígbà tí a bá ń yin àṣà àtijọ́, ká rántí pé ẹni tó ní ìdílé ni àṣà náà tọ́jú.

Láti ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti ń kó ẹgbẹ́ ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà jọ. Àwọn Haúsá ni ó pọ̀ jù nínú wọn, ṣùgbọ́n àwọn Yorùbá wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Nígbà tí ogun àgbáyé kìn-ín-ní bẹ́ sílẹ̀, wọ́n kó wọn lọ bá Jámánì jà ní Kamẹrúùnù títí di 1916. Lẹ́yìn náà, wọ́n kó wọn sínú ọkọ̀ ojú omi yí ilẹ̀ Áfíríkà ká, ó di apá ìlà-oòrùn, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Tanzania lónìí. Ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 1917 ni wọ́n ja ìjà Mahiwa, ọ̀kan nínú èyí tó gbóná jù ní gbogbo ogun apá ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe oníbọn nìkan ló lọ. Ilẹ̀ náà kò ní ọ̀nà ọkọ̀, kòkòrò sì ń pa ẹṣin àti ìbaaka, nítorí náà orí ènìyàn ni wọ́n fi ru oúnjẹ, ọta àti àgọ́. Aláàárù ni à ń pe irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ lọ́jà wa. Ebi àti àìsàn ló pa aláàárù nínú ogun yẹn ju ọta ìbọn lọ, ó sì pa wọ́n púpọ̀púpọ̀.

Ibi tí ìtàn ti di ọ̀rọ̀ tó ta kókó nìyí. Ní 1918, àwọn sójà tó ye bọ̀ láti Ìlà-Oòrùn Áfíríkà gúnlẹ̀ sí Èkó. Kò pẹ́ rárá tí wọ́n fi rí ogun mìíràn, kò sì jìnnà: ilẹ̀ Ẹ̀gbá ni. Owó orí tuntun àti iṣẹ́ ipá ti sú àwọn ará oko, wọ́n sì dìde ní oṣù Òkúdù ọdún náà. Wọ́n hú irin ojú ọ̀nà reluwé, wọ́n gé wáyà tẹligíráàmù, wọ́n sì pa Ọ̀ṣilẹ̀ Òkè-Ọnà. Àwọn sójà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ojú ogun Jámánì dé gan-an ni wọ́n rán lọ paná ọ̀tẹ̀ náà, àwọn àgbẹ̀ tí ìbọn wọn kò ju ṣakabùlà lọ sì kú lọ́gọ́ọ̀rọ̀. Ogun Àdùbí ni a ń pè é. Ní oṣù Agẹmọ ni ó rọlẹ̀. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 11 oṣù Bélú, ogun Òyìnbó parí, ọjọ́ ìrántí sì dé. Sójà tó kú ní Mahiwa ní ọjọ́ ìrántí. Àgbẹ̀ Ẹ̀gbá tó kú lọ́wọ́ ẹgbẹ́ sójà yẹn kò ní. Ó ṣeé ṣe kí àwọn méjèèjì jẹ́ ẹni tí kò ka ìwé, tí kò mọ Ọba George, tí kò sì bèèrè fún ìjà tí ó pa á.

Ẹ má sì rò pé gbogbo sójà wọ̀nyẹn gba ìrántí tí ó tọ́ sí wọn. Ní 1917, kí ogun náà tó parí, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá ìgbìmọ̀ ibojì ogun sílẹ̀, ìlànà rẹ̀ sì dára létí: ọ̀gá àti ọmọ ẹ̀yìn, olówó àti tálákà, òkúta kan náà ni wọn yóò gbà, orúkọ kọ̀ọ̀kan ni a ó sì kọ. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Ní Áfíríkà, ó yàtọ̀. Ní 1923, Guggisberg, gómìnà Gold Coast, ilẹ̀ tí ó di Gánà, sọ fún wọn ní Lọ́ńdọ̀nù pé ọmọ ilẹ̀ náà kò ní lóye òkúta ibojì, kò sì ní mọ iyì rẹ̀. Irú èrò yìí ni wọ́n fi ṣètò ọ̀pọ̀ ibi tó wà lábẹ́ wọn ní Áfíríkà: wọ́n gbé ìrántí kan kalẹ̀ fún gbogbo wọn lápapọ̀, láìkọ orúkọ. Ó di oṣù Igbe ọdún 2021 kí àjọ náà tó gbé ìròyìn jáde tí ó jẹ́wọ́ pé ó kéré tán 116,000, ó sì lè tó 350,000, nínú àwọn tó kú nínú ogun yẹn, tí ọ̀pọ̀ jùlọ wọn jẹ́ ọmọ Áfíríkà àti Àárín Gbùngbùn Ìlà-Oòrùn, ni a kò kọ orúkọ wọn, tàbí tí a kò rántí rárá. Mínísítà ètò ààbò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì tọrọ àforíjì ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn.

Ẹnu yà mí sí ọ̀rọ̀ gómìnà yẹn nígbà tí mo kà á, kì í ṣe nítorí ìwà ìyájú inú rẹ̀ nìkan. Ó fi hàn pé kò wo ilẹ̀ tí ó ń ṣàkóso. Ẹ̀yà wo ni kò ní lóye orúkọ? Ẹ̀yà tí ń sọ ọmọ lórúkọ ní ọjọ́ kẹjọ níwájú ẹbí àti ará, tí ń fún un ní oríkì, tí ń so orílẹ̀ mọ́ ọn, tí yóò sì pe gbogbo rẹ̀ jọ ní ọjọ́ ikú rẹ̀? Àwọn tí ń sin irun àti èékánná kí òkú má baà sọnù? Òkúta ibojì lè jẹ́ àjèjì sí ìyá tó wà ní Ṣakí ní 1923. Pé kí a kọ orúkọ ọmọ rẹ̀ síbi tí gbogbo ayé yóò ti rí i kò lè jẹ́ àjèjì sí i láéláé.

Ère tí àwọn ará Èkó wá mọ̀ jù ni ti Ìdúmọ̀tà, tí wọ́n ń pè ní Sójà Ìdúmọ̀tà. Ó dúró fún ọ̀pọ̀ ọdún láàárín ariwo ọjà àti ọkọ̀, débi pé ẹni tó ń lọ sọ́jà kò ronú ikú mọ́ bó bá rí i. Àmì ojú ọ̀nà ni ó kà á sí. Wọ́n ti gbé e kúrò níbẹ̀, ibi ìrántí Èkó sì bọ́ sí Gbàgede Tafawa Balewa.

Ogun kejì ni ó wọ inú ilé wa jù. Ogun Hítílà ni àwọn àgbà ń pè é, ẹni tó bá sì lọ tó bọ̀, Bọ́mà ni wọ́n ń sọ pé ó lọ. Ẹgbẹ́ ogun ńlá méjì ni wọ́n kó jọ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní 1943, ti kọkànlélọ́gọ́rin àti ti kejìlélọ́gọ́rin. Àmì ti àkọ́kọ́ ni alántakùn, Ànáńsè inú àlọ́ àwọn Aṣáńtì, tí ó jẹ́ fún wọn bí Ìjàpá ṣe jẹ́ fún wa. Àmì ti èkejì ni ọ̀kọ̀ méjì tó gba inú òṣùká kọjá. Ẹ ò rí i pé aláàárù ṣì wà níbẹ̀! Ní àfonífojì Kaladan, wọ́n fi ọwọ́ la ọ̀nà tí ó tó nǹkan bí máìlì márùndínlọ́gọ́rin gba inú òkè àti igbó. Láti ibẹ̀, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn, ẹrù lórí, ọkọ̀ òfuurufú sì ń ju oúnjẹ sílẹ̀ fún wọn láti òkè. Níbi ìrántí Rangoon, ní itẹ́ òkú Taukkyan ní ilẹ̀ Bọ́mà, nǹkan bí 27,000 orúkọ àwọn tí a kò mọ ibojì wọn ni a kọ sára òpó, orúkọ àwọn ọmọ Nàìjíríà sì wà lára wọn. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n kọ orúkọ. Ṣùgbọ́n ọ̀nà Taukkyan jìn sí Ìkirè.

Báwo wá ni ọjọ́ ìrántí ṣe kúrò ní oṣù Bélú? Ogun abẹ́lé ni. Ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 6 oṣù Agẹmọ ọdún 1967. Ní ọjọ́ 15 oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1970, Philip Effiong mú àwọn aṣojú Biafra wá sí Bàrékè Dodan ní Èkó, ó sì fi ọwọ́ sí i pé ogun parí. Ọ̀gágun Gowon sọ pé kò sí ẹni tó ṣẹ́gun, kò sì sí ẹni tí a ṣẹ́gun. Lẹ́yìn náà ni Nàìjíríà fi ọjọ́ àwọn Òyìnbó sílẹ̀, tí ó mú ọjọ́ tirẹ̀. Ó yẹ bẹ́ẹ̀, ní èrò tèmi. Orílẹ̀-èdè tó ti gba òmìnira kò gbọdọ̀ máa fi kàlẹ́ńdà ẹlòmíràn sunkún òkú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí a mú yìí ń gbé ohun púpọ̀ pamọ́ sínú. Ẹni tó bá jẹ́ Yorùbá tó sì ti dàgbà ní 1966 mọ ọjọ́ 15 oṣù Ṣẹ́rẹ́ tẹ́lẹ̀ kí ogun tó dé. Òru ọjọ́ náà ni àwọn ọ̀dọ́ ológun dìtẹ̀ gba ìjọba. Ní Ìbàdàn, wọ́n pa Samuel Ládòkè Akíntọ́lá, olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, tí ó jẹ́ Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò láti 1964. Ní Kàdúná, wọ́n pa Bìrìgédíà Samuel Adémúlẹ́gun, ọmọ Oǹdó, òun àti ìyàwó rẹ̀ lórí ibùsùn, wọ́n sì pa Kọ́nẹ́ẹ̀lì Ralph Ṣódẹ̀ìndé. Sójà tó kú lọ́wọ́ sójà ẹgbẹ́ rẹ̀ nílé ara rẹ̀, ṣé ọmọ ogun tó ṣubú ni? Lójú mi, bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n n kò rò pé àwọn tó yan ọjọ́ náà ń ronú nípa Adémúlẹ́gun.

Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 29 oṣù Agẹmọ, wọ́n mú Adékúnlé Fájuyì ní Ìbàdàn pẹ̀lú àlejò rẹ̀, Aguiyi-Ironsi, wọ́n sì pa àwọn méjèèjì. Àwọn òpìtàn ṣì ń jiyàn lórí bóyá ó fi ara rẹ̀ sílẹ̀ ni, àbí àwọn tó wá ti pinnu láti mú un tẹ́lẹ̀. Àwa Yorùbá ti dá ẹjọ́ náà tipẹ́: onílé tí kò jẹ́ kí wọ́n mú àlejò òun nìkan lọ ni. Òun fúnra rẹ̀ ti jà ní Kóńgò, ó sì gba àmì-ẹ̀yẹ Military Cross níbẹ̀. Ọjọ́ tirẹ̀ ni àwọn ènìyàn rẹ̀ ń rántí rẹ̀, wọn kì í dúró de oṣù Ṣẹ́rẹ́.

Ẹ wá wo Victor Banjo. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni. Òun ni ó ṣíwájú ogun Biafra wọ Agbègbè Àárín-Ìwọ̀-Oòrùn ní oṣù Ògún ọdún 1967, tí ogun náà fi dé Ọ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 22 oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀ ọdún náà, ìjọba Biafra fúnra rẹ̀ yìnbọn pa á ní Enugu, wọ́n ní ó dìtẹ̀. Àwọn tó bá jà ka á sí ọ̀tá, àwọn tó jà fún ka á sí ọ̀dàlẹ̀. Ta ni yóò gbé òdòdó fún un ní ọjọ́ 15 oṣù Ṣẹ́rẹ́? Kì í sì í ṣe òun nìkan. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Ìgbò ló kú nínú aṣọ ogun Biafra, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ọ̀dọ́mọdé tí wọ́n fà láti ilé ìwé. Bí kò bá sí ẹni tí a ṣẹ́gun lóòótọ́, a jẹ́ pé òkú tiwọn náà wà lára òkú tí fèrè ń sun fún. N kò tíì rí ibi tí a ti sọ ọ́ síta bẹ́ẹ̀ nínú ètò náà, pé tiwọn náà ni. Ní ọjọ́ tí wọ́n jọ̀wọ́ ara wọn ni à ń yìnbọn ẹ̀yẹ. Ó yẹ kí a mọ bí ìró ìbọn náà ṣe ń dún létí ẹni tó padánù ọmọ ní ìhà kejì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa ẹyẹlé, nítorí kò sí ọdún tí wọn kì í fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Nínú ètò ìjọba, ẹyẹlé funfun ni àmì àlàáfíà, ó sì gbọ́dọ̀ fò. Bí ó bá kọ̀ láti fò, tí ó bà sórí ibi ìrántí tàbí tí ó jókòó ti ẹsẹ̀ ààrẹ, ìwé ìròyìn yóò gbé e, àwọn ènìyàn yóò sì máa túmọ̀ rẹ̀ sí àmì burúkú. Ṣùgbọ́n kí ni Yorùbá sọ? Ẹyẹlé kì í bá onílé jẹ, kó bá onílé mu, kó di ọjọ́ ikú kó yẹrí. Lọ́dọ̀ wa, ẹyẹ tó dúró ti òkú ní ọjọ́ ikú ni ó ṣe ohun tó yẹ ẹyẹlé. Èyí tó fò lọ ni ó yẹ ká bi léèrè ibi tí ó ń lọ.

Ogun kò sì tíì tán. Láti 2009 ni ogun Boko Haram ti ń pa sójà ní àríwá ìlà-oòrùn, ọmọ Yorùbá sì wà lára wọn. Ní ọjọ́ 14 oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2024, wọ́n pa sójà mẹ́tàdínlógún ní Okuama ní ìpínlẹ̀ Delta. Wọ́n sin wọ́n sí Abuja ní ọjọ́ 27 oṣù náà, wọ́n sì ka orúkọ wọn sí etí ìgbọ́ gbogbo orílẹ̀-èdè. Ìyàtọ̀ ńlá ni ìyẹn sí 1918. Ohun tí àwọn opó ológun ń sọ jù, lọ́dọọdún tí oníròyìn bá bi wọ́n, ni ọ̀rọ̀ owó ilé ìwé ọmọ àti ilé tí wọ́n ní kí wọ́n kó kúrò nínú rẹ̀ ní bàrékè. Òdòdó kì í san owó ilé.

Nínú gbogbo àwọn tó lọ Bọ́mà, ẹnìkan wà tí ó yẹ kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn Yorùbá mọ̀. Isaac Fádoyèbọ ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Emùré-Ilé nítòsí Ọ̀wọ̀. Ní 1942, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ó wọ iṣẹ́ ológun láìgba ìyọ̀nda àwọn òbí rẹ̀. Wọ́n kọ́ ọ ní ìtọ́jú aláìsàn, wọ́n sì kó o lọ sí Bọ́mà. Ní oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 1944, àwọn ọmọ ogun Jàpáànù lúgọ dè wọ́n létí odò Kaladan. Ọta fọ́ egungun ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì bà á ní ikùn. Àwọn tó kù sá lọ tàbí kú. Òun àti David Kargbo, ọmọ Sàró, ni wọ́n kù sínú igbó. Àgbẹ̀ kan ní abúlé ibẹ̀, Mùsùlùmí tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Shuyiman, ń gbé oúnjẹ wá fún wọn ní ìkọ̀kọ̀. Nígbà tó yá, ó gbé wọn wọ ilé ara rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni bí àwọn ará Jàpáànù bá mọ̀, gbogbo ilé rẹ̀ ni wọn yóò pa run. Oṣù mẹ́sàn-án ni wọ́n fi wà bẹ́ẹ̀, títí ọmọ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi dé ní oṣù Ọ̀pẹ.

Fádoyèbọ bọ̀ wálé pẹ̀lú ẹsẹ̀ tí kò gún mọ́. Ó kọ ìtàn ara rẹ̀ sílẹ̀, yunifásítì Wisconsin ní Amẹ́ríkà sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1999. Oníròyìn Barnaby Phillips ka ìwé náà, ó sì wá a rí ní Nàìjíríà. Ohun tí bàbá náà bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ kì í ṣe owó tàbí àmì-ẹ̀yẹ. Ó kọ lẹ́tà ọpẹ́ kan, ó ní kí ó bá òun wá ìdílé Shuyiman. Ní 2011, Phillips gbé lẹ́tà náà dé abúlé ọ̀hún. Shuyiman ti kú, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ rẹ̀ wà níbẹ̀, wọ́n sì rántí àwọn ọmọ Áfíríkà méjì tí bàbá àwọn fi pamọ́. Wọ́n ka lẹ́tà náà sí wọn létí. Fádoyèbọ kú ní oṣù Bélú ọdún 2012.